Ibi tí Mo Máa Fi Ọwọ́ Òsì Mi Sí

Tí ènìyàn bá gbọ́ pé mo wà lájò, bàálù, òtútù àti òyìnbó ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Èmi ò rí ìkankan nínú wọn. Kétu ni wọ́n bí mi sí, lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Òkòkòmáíkò ni mo sì ń gbé. Tí mo bá dúró létí títì níbí, mò ń gbọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ tí wọ́n ń pe èrò Sẹ̀mẹ̀, ìyẹn ẹnubodè. Ilé mi ò jìnnà rárá. Síbẹ̀ ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án, ó pẹ́ débi pé nínú ọmọ mẹ́ta tí mo bí, kò sí èyí tí ìyá mi tíì gbé pọ̀n. Àjò ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀nà jíjìn nìkan ló ń sọ ènìyàn di àlejò.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé kì í ṣe èrò, kì í sì í ṣe ariwo. Ẹ̀rín ni. Mo la ẹnu béèrè zémìjàn tó máa gbé mi dé Ìbà, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀kadà ni wọ́n ń pè é níbí. Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi, tí mo rò pé kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi, ó di ohun tí wọ́n fi ń dápàárá. Ìyá onílé wa àkọ́kọ́, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, máa ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Ẹ wá gbọ́ bí ọmọ Kútọnu yìí ṣe ń sọ Yorùbá! Ó mà gbọ́ ọ o!" Bí ẹni ń yin adìyẹ pé ó mọ ẹyin yé. Èmi á rẹ́rìn-ín, màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ ṣeun mà. Tí mo bá wá dá wà, màá máa bá ara mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, kó má baà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó bọ́ náà. Ní báyìí tí mo bá pe ilé, Màámi á ní, "Rọra sọ̀rọ̀, ará Èkó. Mi ò gbọ́ èyí tí o sọ." Níbí mo jẹ́ ará Kútọnu, lọ́hùn-ún mo jẹ́ ará Èkó. Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé ara mi fún apá méjèèjì.

Ilé búrẹ́dì kan ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Àwa obìnrin là ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá, àwọn ọkùnrin ló wà nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò. Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ń ti ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ ò wá, wọ́n ní kí n bọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn mú ọwọ́ òsì mi. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀lé e ló bá a lọ. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, wọ́n tọ́jú mi, ọ̀gá ní kí n lọ sinmi. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ẹlòmíràn ti wà nídìí iṣẹ́ mi.

Ní àwọn ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tó ń jẹ́ àìlẹ́nìkan. Ojú gbogbo ènìyàn ń sá fún ọwọ́ mi. Wọ́n á kí mi, wọ́n á máa wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan ló wá tún tẹlifíṣọ̀n ìyá onílé ṣe, ó wo ọwọ́ mi tààrà, ó ní, "Kí ló ṣe ọ́ lọ́wọ́?" Mo sọ fún un, ó sì gbọ́ ọ tán kó tó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Alábà ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni Bàbá Ràfíà lónìí.

Màámi ni mi ò sọ fún. Mo ń dúró de ìgbà tí màá rí ọ̀nà sọ ọ́, ìgbà yẹn ò dé, ọdún wá ń gorí ọdún. Tí Iléyá bá ń bọ̀, tí wọ́n ní kí n wálé, màá ní ẹnubodè ò dára. Tí ẹnubodè bá dára, màá ní àwọn ọmọ ń ṣèdánwò, nígbà tí àkọ́bí mi ò tíì mọ a, b, d. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọwọ́ òsì ni. A ò kúkú ń fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Tí a bá sì ń wo ojú ara wa lórí fóònù, ọwọ́ òsì yẹn náà ni mo fi ń mú fóònù. Ọwọ́ tó bá di fóònù mú, fóònù kì í rí i.

Bí mo ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn kí Màámi tó ní àwọn fẹ́ fọ́tò.

Wáhàbù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló máa ń bá wọn pè mí. Lọ́jọ́ náà, ohùn Màámi ò gbọ̀n, ó le.

"Fọ́tò yín ni mo fẹ́," wọ́n ní. "Kì í ṣe ti inú fóònù tó ń kú tí iná bá lọ. Èyí tí màá gbé kọ́ ara ògiri. Gbogbo ènìyàn ni fọ́tò wọn wà ní pálọ̀, tàwọn tọmọ wọn. Ìwọ nìkan lo ṣì wọ aṣọ ilé-ìwé nínú tìẹ. Àlejò dé lánàá, ó ń bi mí pé kíláàsì wo lo wà báyìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ti ń sọ nínú ilé pé o ti sọnù. Wọn ò sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo gbọ́. Mo ti dàgbà, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá mi kẹ́dùn lórí ẹni tó wà láàyè."

"Màámi, a máa yà á."

"Kí ẹ jókòó dáadáa o. Kí ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí orúnkún, kí ẹsẹ̀ hàn, kí etí hàn. Fọ́tò tí a ò ti rí ọwọ́ ènìyàn, ta ló mọ ohun tó fi mú?"

Bí gbogbo fọ́tò tó wà ní pálọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Bàbá mi tó ti dolóògbé jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ le, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì. Àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó bẹ́ẹ̀, àwọn ìyàwó wọn náà jókòó bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá ya fọ́tò ń fi han aráyé pé ara òun pé ni. Mo pa fóònù, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún mi, mo wò ó. Mo tún gbé e kúrò.

Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan nítòsí báráàkì Ọ̀jọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ ìdí ọmọ, mò ń pààrọ̀ aṣọ fún èyí tó bá tọ̀ sára. Tí n bá fi máa délé, ẹ̀yìn mi á ti máa ro mí, àwọn ọmọ tèmi á wá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ibẹ̀ ni ìyàwó ṣọ́jà kan ti fi fọ́tò ìdílé rẹ̀ han àwọn ántí. Abẹ́ igi ni wọ́n ti yà á. Ọmọ kan gun bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, òmíràn ń sá lọ, ìyá wọn ń rẹ́rìn-ín àrínyọmije. Gbogbo àwọn ántí ní ó rẹwà. Èmi ò wo ẹwà. Mo wá ọwọ́ ìyá yẹn káàkiri inú fọ́tò náà, mi ò rí i, ara àwọn ọmọ ti bò ó. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n, irú èyí ni.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tóyìn ló yà á, ọmọ ṣọ́jà, inú báráàkì ló dàgbà sí. Mo pè é.

"Mummy, kò le rárá," ó ní. "Outdoor ni, ẹ kàn máa ṣeré pẹ̀lú àwọn kids, èmi á máa snap. Kí wọ́n sùn dáadáa, kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó wá. Morning ló dáa, kí oòrùn tó mú. Ẹ má dress wọn jù o."

"Ṣé a ò ní jókòó kí á kọjú síwájú?"

"Ẹ̀yin náà, Mummy! No stress. Ẹ ṣáà relax."

Ẹ wo èmi. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣètò bí mo ṣe máa dà bí ẹni tí kò ṣètò. Àṣàkẹ́, àbígbẹ̀yìn mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, apá òsì ni màá gbé e sí, ìdí rẹ̀ á bo ọwọ́ mi. Tó bá ń ké, bisikíìtì á wà lápò bàbá rẹ̀. Sódíìkì, ọmọkùnrin mi, á wà níwájú mi, kó lè dí ohun tí ìdí Àṣàkẹ́ bá ṣẹ́kù. Apá ọ̀tún ni Ràfíà máa dúró sí, jìnnà díẹ̀, torí òun gan-an ni mò ń bẹ̀rù.

Ràfíà ni àkọ́bí mi. Kì í di ọwọ́ mi ọ̀tún mú. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ ìrìn ló ti máa ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àlàfo tí ìka méjì yẹn fi sílẹ̀, ó sì bá a mu wẹ́kú. Ó rò pé Ọlọ́run dìídì ṣe ibẹ̀ sílẹ̀ fún òun ni. Ó tiẹ̀ bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè rí pé, "Ántí, àyè ọmọ yín dà lọ́wọ́ yín?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí olùkọ́ sọ fún mi. Mo délé, mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún níbẹ̀ díẹ̀, mo sì jáde wá dáná.

Bàbá Ràfíà ń wò mí bí mo ṣe ń to ọmọ síhìn-ín, tí mò ń to ọmọ sọ́hùn-ún nínú yàrá.

"Ìwọ tí wọ́n ní kí o wá ṣeré," ó ní, "o wá ń pín ènìyàn sípò bí ọ̀gá ṣọ́jà."

"Bàbá Ràfíà, ẹ jọ̀ọ́."

"Sọ fún wọn. Ìyá ẹ ni."

"Màá sọ."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ màá sọ." Kò bínú sọ ọ́. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ wọ́ tẹlifíṣọ̀n kiri, ó rẹ òun náà. Ó yí ojú sí ògiri, ó sùn.

Ohun kan wà tí n kì í lè ṣàlàyé fún un. Tí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Sẹ̀mẹ̀, ẹsẹ̀ mi á fẹ́ yà. Kò sí ẹni tó dá mi dúró, kò sí ìwé àṣẹ kankan tí mò ń dúró dè. Àwọn tó wà lókè òkun lè sọ pé omi ló dí àwọn lọ́nà. Kí lèmi fẹ́ sọ? Mo rò pé àwọn ará ilé mi fẹ́ràn ẹni tó jáde lọ yẹn, pé tí wọ́n bá rí èyí tó kù, wọ́n á kàn máa ṣàánú rẹ̀ ni. Ìrònú òmùgọ̀ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ti gbé pẹ̀lú ìrònú òmùgọ̀ pẹ́, á di aládùúgbò rẹ̀.

Pápá kan ní Ìbà la lọ, igi fúrúùtù ńlá kan wà níbẹ̀. Tóyìn ní kí n má wọ àwọn ọmọ láṣọ jù, àmọ́ ṣé inú ẹ̀wù ilé ni Màámi máa ti kọ́kọ́ rí wọn? Léèsì ni mo wọ̀ wọ́n. Mo fi ìpara pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán, mo fi páúdà sí wọn lọ́rùn. Sítáàṣì tí mo fi sí bùbá Sódíìkì pọ̀ débi pé ọmọ náà ò lè ká apá. Láìmọ̀, láti àárọ̀ ni mo sì ti ń sọ fún wọn pé, ẹ dúró ṣinṣin, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ wo iwájú.

Tóyìn gbé kámẹ́rà sókè. Gbogbo wa tò. Bàbá Ràfíà kó ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ràfíà mú ojú le bíi ti bàbá mi nínú fọ́tò pálọ̀, Sódíìkì tó ń rí àwọn ṣọ́jà lójoojúmọ́ sì gbé ọwọ́ síwájú orí, ó bẹ́ri.

Tóyìn sọ kámẹ́rà sílẹ̀. "Mummy, ah! Ta ló kú?"

Ó ní kí á bọ́ bàtà àwọn ọmọ, kí á bọ́ léèsì. Sódíìkì ku síńgílẹ́ẹ̀tì, ojú rẹ̀ là. Kíá ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa fúrúùtù nílẹ̀, ó ń sọ ọ́ lu igi. Tóyìn àti Ràfíà ń ṣe tẹ́ńtẹ́ń, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ju ẹsẹ̀. Bàbá Ràfíà jókòó sórí ẹní, oorun gbé e lọ. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló ṣe ohun tí Tóyìn wí, ó sinmi. Èmi jókòó sí àyè mi gẹ́gẹ́ bí ètò, Àṣàkẹ́ lápá òsì, èjìká mi ń ro mí, mò ń fipá rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

"Mummy, ẹ wá!" Ràfíà ti dé. "Ẹ wá bá mi ṣe tẹ́ńtẹ́ń!"

"Ràfíà, dúró sí ọ̀tún."

Ó ti ki ọwọ́ rẹ̀ bọ àyè rẹ̀. Ó fà mí. Àṣàkẹ́ yọ̀ kúrò lápá mi, ó kọ lu bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ta jí, ó ní, "Kí ló dé, kí ló dé?" bí ẹni tí olè wá bá. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín pa mí. Mo dìde, mo bá ọmọ mi sáré. Mo ṣe tẹ́ńtẹ́ń, ó borí mi, mo tún un ṣe. Ó kúrò lọ́kàn mi pátápátá pé mo ní ọwọ́. Mi ò rántí ìgbà tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi gbẹ̀yìn ní ìlú yìí.

Lọ́jọ́ kejì, Tóyìn wá bá mi lẹ́nu géètì ilé-ìwé, ó kó àwọn fọ́tò náà sórí fóònù. Wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá ti ní ọmọ kéékèèké mọ bó ṣe máa ń rí. Níbi tí Ràfíà ti dára, Sódíìkì ki ìka bọ imú. Níbi tí Sódíìkì ti dára, Àṣàkẹ́ ń ké. Níbi tí mo ti fi ọwọ́ pamọ́ dáadáa, ojú mi dà bí ojú ẹni tí inú ń run. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà tí gbogbo wa ti wuyì. Àṣàkẹ́ wà lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, Sódíìkì gbé fúrúùtù sókè bí ife-ẹ̀yẹ, èmi àti Ràfíà wà láàárín, a ń sáré bọ̀. Ọwọ́ òsì mi ló ṣíwájú. Ọwọ́ ọmọ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ hàn kedere.

Tóyìn fi ìka fẹ ibẹ̀ kó tóbi sí i lójú fóònù. Ó ní, "Mummy, mi ò mọ̀ o. But mo lè ṣe é. App wà fún un. Mo lè fi ìka sí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Fi sí i," mo ní.

Kò pẹ́ rárá. Ó dá fóònù padà fún mi, ìka méjì ti hù. Wọ́n gún, wọ́n dán, ìka ẹni tí kò fọ ìdí ọmọ rí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ràn wọn, mi ò ní parọ́. Mo wá wo Ràfíà. Níbi tí àwọn ìka yẹn hù sí, kò sí àyè fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Áàpù náà ti yọ ọwọ́ ọmọ mi jáde, ó gbé e lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi, bí ọwọ́ ọmọ tó ń bẹ ènìyàn fún nǹkan. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, kò mọ̀ pé wọ́n ti lé òun kúrò níbẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgboyà ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí láti máa gbé ọmọ sí apá òsì, ó rẹ̀ mí láti máa parọ́ mọ́ ẹnubodè. Mo ní kí Tóyìn fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, mo fi ṣọwọ́ sí Wáhàbù lójú ẹsẹ̀, kí ọkàn mi tó yí padà. Mo kọ ọ́ sí i pé, "Fi han Màámi."

Mò ń fọ aṣọ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lẹ́yìn ilé nígbà tí ìpè wọlé.

"Màámi, ẹ kú ọ̀sán mà."

Mò ń gbọ́ èémí wọn. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké nínú àgbàlá wa.

"Ṣé ó máa ń dùn ọ́ tí ọyẹ́ bá mú?"

Mo ti múra sílẹ̀ de gbogbo ìbéèrè tí mo rò pé wọ́n máa bi mí. Èyí ò sí níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀, kò tíì sí ẹni tó bi mí bóyá ó ń dùn mí.

"Ó máa ń dùn mí, Màámi."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀rọ búrẹ́dì ni."

"Ìgbà wo?"

"Kí n tó bí Ràfíà."

Ewúrẹ́ náà tún ké. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń fi ojú inú wo àwọn Iléyá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Omijé ti ń dà lójú mi, mi ò lè nù ún, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i ni."

"Ìka ọmọ mi méjì ni ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi," wọ́n ní. "Ìwọ lo gba gbogbo ìyókù."

Mo wá irọ́ tí màá fi dáhùn, bí mo ṣe máa ń wá a. Mi ò rí. Mo ní, "Màámi, mò ń kó àwọn ọmọ bọ̀ wálé," ṣùgbọ́n wọ́n ti pa fóònù kí n tó sọ ọ́ tán.